Ọgbọ̀n Ọjọ́

Ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.
Lóru Ọjọ́rú, Odò Àlà gòkè wá
láì kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni,
ó wọ Arákàlẹ̀, ó wọ Ìsọ̀lọ̀,
ó gbé àga, ó gbé ìkòkò, ó gbé ẹní kúrò lábẹ́ ẹni tó ń sùn.
Nínú gbogbo àdúgbò, pẹ́pẹ́yẹ Màmá Bójúwoyè nìkan
ni ọ̀rọ̀ náà bá lára mu.
Ó wọ ọ́fíìsì wa pẹ̀lú. Dúróà kẹta ló dé kó tó padà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, lẹ́tà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè:
nítorí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì,
a sún ọjọ́ síwájú ní ọgbọ̀n ọjọ́
fún gbogbo ẹni tó díje dupò,
tó yẹ kó wá ṣírò owó ìbò rẹ̀ fáráyé.
Èmi Fèyíṣará ni wọ́n ní kí n lẹ̀ ẹ́ síta,
akọ̀wé kékeré, ọdún mọ́kàndínlógún nídìí òǹtẹ̀.
Gọ́ọ̀mù ò mú. Ògiri ṣì ń làágùn.
Mo fi ìṣó kàn án.

N kò bú ẹni tó kọ lẹ́tà náà o.
Ẹni tí omi lé jáde lóru
kì í kọ́kọ́ wá risíìtì, ọmọ ló ń wá.
Èmi náà pọn ìyá mi sẹ́yìn kọjá gọ́tà lóru ọjọ́ yẹn,
ẹsẹ̀ bàtà mi kan ṣì wà lọ́dọ̀ odò.

Wọ́n ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́,
ẹni eji bá rí leji ń pa.
Bẹ́ẹ̀ náà ni.
Àmọ́ ojú eji ò tó òkè Ìjàpọ̀,
níbi tí Olóyè Akíngbọ́lá ń gbé.
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni awakọ̀ wọn dé:
“Ọ̀gá ní omi yìí dùn wọ́n dọ́kàn.
Wọ́n ní ṣé kò lè di ọgọ́ta?”
Mo wo táyà ọkọ̀ náà.
Ẹrọ̀fọ̀ kan ò kàn án.

Ọjọ́ Ẹtì, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo mẹ́rin lù,
Bámidúró wọlé, onígbàjámọ̀ Òkè-Àró,
tó dupò káńsẹ́lọ̀, tó fi ìbò mọ́kànlá pàdánù.
Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún.
Ìwé ìṣirò rẹ̀ gan bí ìpáǹpá,
áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́ẹ̀dú ló fi lọ̀ ọ́ gbẹ, ewé kan lẹ́yìn èkejì.
“Bùọ̀dá, ẹ ò rí ìwé lára ògiri ni? Wọ́n ti sún un.”
“Mo rí i. Àwọn tó yá mi lówó ò sún tiwọn.”

Mo ṣí i.
Pósítà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì.
Búrẹ́dì àwọn ọmọ tó lẹ pósítà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.
Owó tí ìyàwó mi fi kún un—
ibẹ̀ ni omi ti mu òǹkà,
àbàwọ́n búlúù kan ló kù.
“Èló ni?”
Ó wo ilẹ̀. “Ó ti ní kí n má bi òun.
Ẹ kọ ọ́ pé omi gbé e. Ẹ ṣáà má kọ òfo.”

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ géérégé, ìwé ti Olóyè dé,
ó funfun nigín-nigín,
kò sí òǹkà kan tó ṣẹ́ kù, kò sí èyí tó lé.
Òǹtẹ̀ kan náà ni mo fi lu àwọn méjèèjì.
Ti Bámidúró ṣì ń rùn bí ìsàlẹ̀ odò
nígbàkúùgbà tí mo bá fa dúróà.

Ilà omi ṣì wà lára ògiri wa.
Ọ̀gá ní kí n wá ọ̀dà kùn ún, àlejò ń bọ̀.
Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọgbọ̀n ọjọ́.